Ẹ má jẹ́ kí 'fọ́máàtì' kó ìwé oníbàárà lọ: bí wọ́n ṣe ń fi pátíṣọ̀n pín dísìkì kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣòwò ní Abẹ́òkúta. Kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ìgbín, tàbí kó tilẹ̀ kọ̀ láti ṣí rárá. Wọ́n á gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe, onítọ̀hún á yẹ̀ ẹ́ wò, á mi orí, á ní, "Ká fọ́máàtì ẹ̀ ló kù." Owó iṣẹ́ náà kì í wọ́n jù, kì í sì í pẹ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà ti padà dé, ó ń yára bí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rà á. Inú oníṣòwò á dùn.

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ máa ń yíwọ́. Oníbàárà kan á dé, á ní kí wọ́n bá òun tún ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n ṣe fún òun lọ́dún tó kọjá tẹ̀, torí pé àwọn ẹbí fẹ́ ṣe ìrántí. Wọ́n á wá a títí, wọn ò ní í rí i. Àwòrán bàbá olóògbé, tí ẹbí wá káàkiri kí wọ́n tó rí, tí wọ́n fi odidi ọ̀sán kan tún ṣe lórí kọ̀ǹpútà, ti lọ. Orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè ti bá a lọ. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ti bómi lọ láàárín wákàtí kan.

Ẹni tó tún kọ̀ǹpútà ṣe kò jalè, kò sì fi iṣẹ́ ṣeré. Ohun tó bá nílẹ̀ ló gbá. Ojú kan náà ni Windows àti ìwé oníṣòwò jọ wà, nígbà tó sì ń gbá ọ̀kan dànù, èkejì kò níbi tó máa sá sí. Ohun tí ì bá gba oníṣòwò náà sílẹ̀ kò ná an ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n ti pín dísìkì kọ̀ǹpútà náà sí méjì ni, ó kéré tán, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi Windows sínú rẹ̀.

Pátíṣọ̀n káfíńtà, pátíṣọ̀n kọ̀ǹpútà

Orúkọ tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pe iṣẹ́ yìí ni pátíṣọ̀n, orúkọ kan náà tí àwọn káfíńtà ń pè é. Bí ènìyàn bá gba ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀ díẹ̀ ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí ní Kútọ̀, káfíńtà ló máa ń kọ́kọ́ pè. Ìyẹn á fi pákó dá a sí méjì, iwájú fún oníbàárà, ẹ̀yìn fún ọjà. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni, òrùlé kan ló bò ó, owó kan ni wọ́n ń san lé e lórí. Àmọ́ bí wọ́n bá ń kun iwájú lọ́dà, ọ̀dà kò ní í ta sí ọjà tó wà lẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti dísìkì. Irin kan náà ló wà nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pín in, kọ̀ǹpútà á máa rí i bí méjì. Lórí Windows, ọ̀kan á jẹ́ C, èkejì á jẹ́ D. Níbi tí ẹ̀rọ tó ń gba DVD bá ti gba D, èkejì yìí lè jẹ́ E. Lẹ́tà kò yí nǹkan kan padà.

Inú C ni Windows ń gbé, pẹ̀lú Word, CorelDRAW àti gbogbo irinṣẹ́ tí wọ́n fi sínú kọ̀ǹpútà. Bí àwọn nǹkan wọ̀nyí bá bàjẹ́, wọ́n ṣe é rọ́pò, torí pé irú wọn wà níbi gbogbo. Inú D ni iṣẹ́ ọwọ́ oníṣòwò ń gbé: lẹ́tà, àwòrán, ìwé gbèsè, ìwé owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Kò sí ẹlòmíràn lábẹ́ ọ̀run tó ní irú ìwọ̀nyí. Lọ́jọ́ tí fáírọ́ọ̀sì bá ba C jẹ́, wọ́n á gbá C nìkan, D á jókòó síbi tó wà.

Pínpín dísìkì kì í ṣe àrà tuntun. Kọ̀ǹpútà IBM PC XT tó jáde ní 1983 gbé dísìkì 10 MB wá, bẹ́ẹ̀ àwòrán mélòó kan tí fóònù òde òní yà á kún un. Síbẹ̀ náà, ètò tí wọ́n fi ń pín in wà nígbà náà. Láti ìgbà yẹn ni àṣà pé yàrá ńlá mẹ́rin ni dísìkì kan lè ní ti bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tuntun tí wọ́n ń pè ní GPT ni àwọn kọ̀ǹpútà òde òní ń lò, yàrá tó 128 ni Windows sì lè yọ nínú rẹ̀. Oníṣòwò kò nílò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi di kánjúkánjú

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ dúró lórí Windows 10, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún Windows XP ní oṣù kẹrin 2014 àti Windows 7 ní oṣù kìíní 2020. Kọ̀ǹpútà tó ń lò ó kò tìtorí ìyẹn kú. Ohun tó dúró ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ tó ń dí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, àfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò.

Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ ní ohun tó ń béèrè: dísìkì tí kò kéré sí 64 GB, rámù 4 GB, àti ohun èlò ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ti pẹ́, irú èyí tí àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, kò ní ohun ìkẹyìn yìí. Àwọn kan ń ra kọ̀ǹpútà mìíràn, àwọn kan ń bọ́ sórí Linux. Ọ̀nà yòówù kí ènìyàn gbà, wọ́n á tún ètò tuntun fi sínú kọ̀ǹpútà, ìgbà yẹn gan-an sì ni ìwé oníbàárà máa ń sọnù.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án

Ẹni tó fẹ́ kan pátíṣọ̀n sínú ṣọ́ọ̀bù tí ọjà ti kún, ó yẹ kó kọ́kọ́ kó àwọn àwo tánganran kúrò lórí pẹpẹ. Kí wọ́n kó gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà sórí dísìkì mìíràn tó ṣeé mú kiri. Kó má parí síbẹ̀ o. Kí wọ́n gbé dísìkì náà lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kí wọ́n ṣí fáìlì mẹ́ta tàbí mẹ́rin wò níbẹ̀, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ rí pé orúkọ fáìlì nìkan ló dé, inú rẹ̀ ṣófo.

Ọ̀rọ̀ iná náà tún wà ńbẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì nígbà tí kọ̀ǹpútà ń sún ààlà yàrá tí nǹkan wà nínú rẹ̀, nǹkan náà lè dàrú kọjá àtúnṣe. Ẹni tó bá ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká, kó rí i pé bátìrì rẹ̀ ṣì ń gbé iná. Ẹni tó bá ń lo ti orí tábìlì, kó so ó mọ́ UPS tàbí ìnífátà. Títan jẹnẹrétọ̀ nìkan kò tó, torí epo lè tán láàárín iṣẹ́.

Ká mú dísìkì 500 GB

Dísìkì tí wọ́n kọ 500 GB sí lára, nǹkan bí 465 GB ni Windows máa pè é. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹni tó rà á jẹ. Ẹni tó ṣe dísìkì ń fi ẹgbẹ̀rún kọ̀ọ̀kan ṣírò, Windows sì ń fi 1,024 ṣírò, bí ìgbà tí kóńgò ọlọ́jà méjì kò bá dọ́gba.

Nínú 465 yìí, 150 GB tó fún C. Àwọn kan máa ń fún un ní 50, wọ́n á ní àwọn ń ṣọ́ ààyè fún iṣẹ́. Wọ́n máa ń kábàámọ̀ rẹ̀, torí pé Windows kì í yé sanra. Bí ọdún méjì bá kọjá, C á kún dẹ́múdẹ́mú, kọ̀ǹpútà á máa mí gúlegúle, bẹ́ẹ̀ D ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mímú lára D fún C lẹ́yìn náà ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ eléwu ni, ó sàn kí wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń fi Windows sínú kọ̀ǹpútà, ojú ìwé kan máa ń yọ tó ń béèrè ibi tí Windows máa gbé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ "New" láti yọ yàrá. MB ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe GB: 150 GB jẹ́ 153,600 MB. Ẹni tó bá kọ 150 síbẹ̀ ti kọ́ ilé tí adìẹ kan kò lè sùn sí. Windows á tún dá yàrá kéékèèké bíi mélòó kan yọ fún ara rẹ̀. Kí wọ́n má fọwọ́ kàn wọ́n, inú wọn ni kọ̀ǹpútà ti ń jí láàárọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n máa fi ṣe D lẹ́yìn tí Windows bá ti wọlé tán, nínú ètò tó ń jẹ́ Disk Management.

Ojú ìwé kan náà yìí ló ń pa ni lára lọ́jọ́ iwájú, nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ fọ́máàtì. Wọn kì í kọ C tàbí D síbẹ̀. "Partition 1", "Partition 2" ni wọ́n ń kọ, pẹ̀lú ìwọ̀n wọn àti orúkọ tí ènìyàn bá sọ wọ́n. Ẹni tó ń kánjú á yan gbogbo wọn, á tẹ "Delete" lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá fi Windows sí ààyè gbalasa tó kù. Gbogbo pátíṣọ̀n tí wọ́n ṣe láti ọjọ́ yìí di asán nìyẹn. Nítorí náà, kí oníṣòwò sọ D lórúkọ tó hàn, bíi ISE, láìsí àmì ohùn lórí rẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà ṣì í kà. Bí wọ́n bá sì dé ojú ìwé yẹn, kí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i pé yàrá tí Windows ń gbé nìkan ni wọ́n tẹ "Format" lé lórí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní D, inú D wọn sì ṣófo. Ojú kọ̀ǹpútà, ìyẹn Desktop, àti inú Documents ni wọ́n ń tọ́jú gbogbo iṣẹ́ sí, bẹ́ẹ̀ inú C ni àwọn méjèèjì wà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan pátíṣọ̀n tán, ó wá ń to ọjà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti máa fi orí rántí D lójoojúmọ́. Kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún asin kọ̀ǹpútà lórí Documents, kí wọ́n yan "Properties", lẹ́yìn náà "Location", kí wọ́n tẹ "Move", kí wọ́n sì tọ́ka sí fóódà kan nínú D. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Desktop, Pictures àti Downloads, kí kálukú ní fóódà tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọmọ iṣẹ́ bá fi lẹ́tà sí Documents bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, inú D ni lẹ́tà náà ń lọ láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tó máa kù sínú C. Lẹ́tà ìtẹ̀wé, tí wọ́n ń pè ní fọ́ǹtì, wà lára wọn. Àwọn tó ń tẹ ìwé Yorùbá ló yẹ kó fi èyí sọ́kàn jù, torí pé bí fọ́ǹtì tó ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn bá lọ, ìwé tó ṣẹ́ kù nínú D á ṣí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè dàrú. Kí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà gbogbo fọ́ǹtì tí wọ́n kó wọlé sínú D. Ètò tí wọ́n fi ń ṣírò owó náà máa ń fi ìwé rẹ̀ pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kan nínú C. Kí wọ́n wá ibi tí wọ́n ti lè yí i padà nínú ètò náà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún ẹni tó forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀, torí òfin CAMA ti ọdún 2020 ní kí irú wọn tọ́jú ìwé ìṣírò owó wọn fún ọdún 6.

Lórí Windows 11, ọ̀rọ̀ kan tún wà. Kọ̀ǹpútà tuntun lè ti ilẹ̀kùn mọ́ C àti D fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, kí olè tó bá jí i má baà rí nǹkan kà. Ohun tó dára ni. Àmọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ́máàtì C, D lè béèrè kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ nọ́ńbà 48, ẹni tí kò bá sì ní i kò ní í wọ yàrá ara rẹ̀. Inú àkáǹtì Microsoft náà ni nọ́ńbà yìí máa ń wà. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fi ìwé náà sílé.

Linux: ilé kan, ojúlé púpọ̀

Ubuntu ni irú Linux tí ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ gbìyànjú. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde ní oṣù kẹwàá 2004, ọ̀fẹ́ sì ni títí di òní. Kò sí C tàbí D nínú rẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ló wà, àmì / ni orúkọ rẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà dé ibi gbogbo. Bí pátíṣọ̀n bá jẹ́ mẹ́ta, wọ́n á so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ojúlé kan nínú ilé náà. Síso yìí ni wọ́n ń pè ní "mount".

Ọmọ Ẹ̀gbá kò ní í rí èyí bí àjèjì. Láti 1830 tí Ṣódẹkẹ́ ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sábẹ́ Olúmọ, ìlú kan ni Abẹ́òkúta ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ Aké, Òkè-Ọnà, Gbágùrá, àti Òwu tó dé lẹ́yìn, kálukú ló ní àdúgbò tirẹ̀ àti ọba tirẹ̀. Àlejò tó wọ̀lú kì í sọ pé òun lọ sí ìlú mẹ́rin. Ó lè ti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn kó má mọ̀, àfi bí wọ́n bá sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń lo Linux ṣe ń ti pátíṣọ̀n kan bọ́ sí òmíràn.

Lórí dísìkì 500 GB kan náà, kí wọ́n má gbà kí Ubuntu gba gbogbo dísìkì fúnra rẹ̀. Kí wọ́n yan ọ̀nà tí ènìyàn fi ń fọwọ́ ara rẹ̀ pín in. Yàrá àkọ́kọ́ tó jẹ́ 512 MB á so mọ́ /boot/efi, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń jí. Yàrá kejì tó jẹ́ 60 GB á so mọ́ / fún ètò Ubuntu fúnra rẹ̀. 25 GB ni wọ́n ní ó kéré jù, ṣùgbọ́n kí ó rí ibi na ẹsẹ̀. Wọ́n lè yọ 8 GB fún swap, ibi tí kọ̀ǹpútà ń sá sí bí rámù bá kún. Gbogbo èyí tó kù, tó sún mọ́ 400 GB, á so mọ́ /home. Inú /home ni iṣẹ́ oníṣòwò ń gbé, ojúlé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń lo kọ̀ǹpútà náà. Níhìn-ín, Linux sàn ju Windows lọ díẹ̀, nítorí Documents àti Desktop ti wà nínú /home láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí pé wọ́n tún ń ṣí wọn nípò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi Ubuntu tuntun rọ́pò ti àtijọ́, ọ̀nà kan náà ni wọ́n máa tún gbà. Wọ́n á so yàrá àtijọ́ mọ́ /, wọ́n á fi àmì sí "Format" rẹ̀. Wọ́n á so yàrá iṣẹ́ mọ́ /home, wọn kò sì ní í fi àmì kankan sí "Format" tirẹ̀. Àmì kékeré yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀. Orúkọ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n tún lò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Ubuntu á ṣí ojúlé tuntun fún wọn, wọ́n á rò pé iṣẹ́ àtijọ́ ti sọnù, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló wà.

Ohun tí pátíṣọ̀n kò lè ṣe

Àwọn kan ti pín dísìkì wọn tán, wọ́n wá rò pé àwọn ti bọ́. C àti D wà lórí irin kan náà. Bí kọ̀ǹpútà bá já bọ́, bí omi òjò bá wọnú rẹ̀, bí olè bá gbé e, àwọn méjèèjì ló jọ ń lọ. Pátíṣọ̀n káfíńtà kì í dá iná dúró.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta rí, kí kọ̀ǹpútà tó dáyé. Ibẹ̀ ni Henry Townsend ti dá Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá sílẹ̀ ní 1859, ìwé ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde ní èdè Yorùbá. Ní oṣù kẹwàá 1867, nígbà Ìfọ́lé, wọ́n ya wọ ilé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì, ilé ìtẹ̀wé bá a lọ, ìwé ìròyìn náà sì dópin. Èyí tó ti dé ọwọ́ òǹkàwé nìkan ni kò sí nínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà níbòmíràn. Kí wọ́n ra dísìkì kan tó ṣeé mú kiri, kí wọ́n da D sínú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n sì máa gbé e lọ sílé. Ẹni tó bá fi í sínú dúrọ́ọ̀ tó wà lábẹ́ kọ̀ǹpútà ń bá olè di ẹrù ni. Àwọn fáìlì tó kéré bí ìwé gbèsè lè lọ sórí Google Drive, tó ń fúnni ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá gba dísìkì méjì, kó fi Windows sórí SSD tuntun tó yára, kó sì fọ dísìkì àtijọ́ mọ́ fún iṣẹ́, bí ara rẹ̀ bá ṣì le. Èyí dára ju kí wọ́n pín ẹyọ kan lọ, torí bí ọ̀kan bá kú, èkejì ṣì lè wà láàyè.

Kí wọ́n wá lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà fún ẹni tó bá máa tún un ṣe. Kí wọ́n kọ ìwọ̀n yàrá Windows síbẹ̀, kí wọ́n kọ ìwọ̀n ISE sí abẹ́ rẹ̀, kí wọ́n sì fi gègé pupa kọ ọ́ pé kó má fọwọ́ kan ISE. Nọ́ńbà 48 yẹn kò gbọdọ̀ sí lára ìwé náà.